Pọ́ùn Mẹ́fà àti Ìgò Ọtí Kan

Mọ́mì kò buwọ́ lùwé náà. Ìwé ìyọ̀ǹda ni, èyí tí olùkọ́ Ìtàn wa fún gbogbo àwa ọmọ SS 2 láti mú lọ sílé, kí òbí tó bá gbà kí ọmọ òun bá wọn lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀ lè fọwọ́ sí i. Mọ́mì kà á tán, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi sábẹ́ Bíbélì wọn. "Ilé òrìṣà ni wọ́n fẹ́ kó yín lọ," ni wọ́n wí. "Ohun tí Ọlọ́run ti gba àwọn bàbá wa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló dé tí ẹ tún fẹ́ sanwó mọ́tò lọ wò ó?" Mo bínú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ìbéèrè gidi ni wọ́n bi mí. Dádì ló padà buwọ́ lùwé láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò gan-an, pẹ̀lú bírò kan tí yíǹkì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Màmá Àgbà, ìyá tó bí Dádì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Bí o bá débẹ̀, wo ojú wọn dáadáa."

Èmi tí wọ́n ní kí n lọ wojú, mi ò lè wo ojú Màmá Àgbà fúnra wọn lákòókò náà. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Láti Iléṣà sí Ifẹ̀ kò jìnnà. Àwọn tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì kò tíì kọrin tẹ́ ara wọn lọ́rùn tí a fi dé Ẹnuwá. Ẹ̀gbẹ́ ààfin Ọọ̀ni ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà, kò sì tóbi rárá. Mo ti rò pé ilé tí wọ́n kó irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ sí, tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ kọ̀wé láti Jámánì dé Amẹ́ríkà, yóò ga bí ilé báńkì. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ béèrè bóyá ilé àwọn aṣọ́gèètì la kọ́kọ́ yà sí. Ọdún 1954 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí wà lórí oyè. Kábíyèsí yìí jọba láti ọdún 1930 títí di 1980, orúkọ wọn kò sì kúrò lẹ́nu ẹni tó mú wa káàkiri títí a fi parí.

Bàbá kan tó wọ àdìrẹ ni ẹni náà. Wọ́n ní ká kó báàgì wa sílẹ̀, ká pa fóònù, ká má ya fọ́tò. Mo ti mú bírò dání láti kọ ọdún sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń dá a lé wa lórí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa rí níhìn-ín, èwo ni ẹ rò pé wọ́n ṣe kí èèyàn lè máa wá wò ó?" Ẹnì kan ní gbogbo rẹ̀ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Kò sí ẹyọ kan," ni wọ́n wí. "Òmíràn wà nínú igbó tí abọrẹ̀ nìkan ń wọ̀. Òmíràn wà nínú ààfin níbi tí ojú kì í tó o. Òmíràn wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń wú u jáde bí ọdún rẹ̀ bá kò, tí wọ́n á bọ ọ́ tán, tí wọ́n á tún dá a padà sínú erùpẹ̀. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi ṣe. Gíláàsì tí ẹ rí yìí, àwa la fi kún un."

Láti ìgbà yẹn lọ, mo rọra ń tẹlẹ̀.

Àwòrán inú ìwé nìkan ni mo fi mọ orí Ifẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé kò jẹ́ kí n mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn tóbi tó orí èèyàn gan-an, tàbí pé bí èèyàn bá dúró síwájú wọn, òun ló máa kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn kan jẹ́ amọ̀ sísun, àwọn kan jẹ́ idẹ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú àwọn kan láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ojú àwọn mìíràn sì dán láìní ìlà kankan. Ihò kéékèèké yí ẹnu àti etí irun àwọn kan ká. Bàbá ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ihò wọ̀nyẹn, bí èyí tó ń bo ojú ọba láti ara adé. Àwọn mìíràn ní irùngbọ̀n ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ihò ńláńlá tún wà lọ́rùn, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ìṣó kàn án mọ́ ara igi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìsìnkú ọba tàbí adé ni wọ́n ń lò wọ́n fún. Inú mi dùn pé bàbá kò yan ọ̀kan nínú rẹ̀ fún wa.

Nígbà tí ẹnì kan béèrè bí wọ́n ṣe dà á, bàbá fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí náà. Wọ́n á fi ìda bo amọ̀ yìí, ara ìda ni alágbẹ̀dẹ á sì ti fín imú, ètè, ìpéǹpéjú àti ìlà. Wọ́n á tún fi amọ̀ mìíràn bo gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e síná, ìda á yọ́, á ṣàn jáde, àyè tó fi sílẹ̀ ni wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí. Tó bá tutù tán, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta dànù. "Ẹ gbọ́ èyí dáadáa," ni bàbá wí, "nítorí a ṣì máa nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọ́ amọ̀ yẹn, ó parí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún ìyẹn gan-an dà." Nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500 ni wọ́n ka iṣẹ́ wọ̀nyí sí, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà kí ọkọ̀ àwọn Potogí tó fojú kan etíkun wa. Àwọn ará Ifẹ̀ so iṣẹ́ idẹ mọ́ orúkọ Ọbalùfọ̀n. Ìbòjú kan wà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi dà á, bàbà bẹ́ẹ̀ sì ṣòro láti dà ju idẹ lọ. Ìyẹn kò wọlẹ̀ rí. Inú ààfin ló wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí Ọọ̀ni Adérẹ̀mí fi gbé e jáde.

Orí mìíràn tí kò wọlẹ̀ ni ti Lájùwà, amọ̀ sísun ni. Ìtàn ààfin sọ pé ìránṣẹ́ ọba ni Lájùwà, pé nígbà tí ọba wàjà ó fi ikú náà pa mọ́, ó gbé aṣọ ọba wọ̀, ó sì ń pàṣẹ fún ìlú títí àṣírí fi tú. Wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n wọn ò fọ́ orí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ààfin ló wà. Ojú náà rẹwà ju ohun tí mo retí lọ fún olè. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ku ń wá ibi tí wọ́n á ti rí ìwà burúkú rẹ̀ lójú rẹ̀, wọn ò rí i.

Níbi Orí Olókun ni a ti dúró pẹ́ jù. Bàbá kọ́kọ́ bi wá léèrè ìdí tí ìlú tó jìnnà sí òkun báyìí fi ń bọ Olókun. A ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Olókun ni ó ni ọrọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀, inú Igbó Olókun, ní ìhà àríwá Ifẹ̀, ni àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti wú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì jáde, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn baba wa ń ṣe gíláàsì fúnra wọn níbẹ̀, wọn ò dúró de ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọn kò kọ́ mi ní JSS nìyẹn.

Inú igbó yìí ni orí idẹ kan wà tó dé adé, tí wọ́n máa ń sin sílẹ̀ tí wọ́n sì ń wú jáde fún ọdún òrìṣà. Ní ìparí ọdún 1910, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ó rí orí náà, ẹnu yà á débi tó fi sọ pé dúdú kọ́ ló ṣe é. Ó kọ̀wé pé ó ní láti jẹ́ pé àwọn ará Atlantis, ìlú kan tí àwọn Gíríìkì ní òkun gbé mì, ni wọ́n wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa, pé Olókun wa àti òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì ọ̀kan náà ni. Ó sì ra orí náà. Pọ́ùn mẹ́fà ló san, pẹ̀lú ìgò ọtí wisikí kan.

"Pọ́ùn mẹ́fà!" ni ẹnì kan pariwo lẹ́yìn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Àti ọtí!" ni ẹlòmíràn fi kún un. Ẹ̀rín tún sọ.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó tó àkókò kí n sọ ìdí tí mi ò fi lè wo ojú Màmá Àgbà.

Nígbà tí mo wà ní JSS 3, Mọ́mì ní kí n palẹ̀ yàrá tí a ń kó ẹrù sí mọ́. Lábẹ́ àpótí Màmá Àgbà ni mo ti rí ààjà kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ààjà ni agogo gígùn tí àwọn olórìṣà máa ń mì bí wọ́n bá ń pe òrìṣà. Idẹ ni èyí, ó ti dúdú. Ìyá tó bí Màmá Àgbà ló ni ín. Ọbàtálá ni wọ́n ń bọ. Màmá Àgbà fúnra wọn ti ṣèrìbọmi láti kékeré, wọn kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, síbẹ̀ wọn ò ju ààjà náà nù. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kọjá. Mo bi Mọ́mì bóyá kí n kó àwọn páálí irin jáde fún wọn, wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀. Mọ́mì kò mọ̀ pé ààjà wà nínú rẹ̀. Èmi mọ̀. Ọkùnrin náà fi ààjà, ìkòkò méjì tó ti lu àti fáànù kan sórí ìwọ̀n, ó kó ₦1,200 lé mi lọ́wọ́. Mo fún Mọ́mì ní ₦700. Mo fi ìyókù ra súyà àti mínírà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màmá Àgbà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo rí nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Mo ní mi ò rí i. Wọn ò béèrè mọ́.

Èmi náà ti san pọ́ùn mẹ́fà, tàbí ká kúkú sọ pé mo ti gbà á. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń rẹ́rìn-ín àwọn abọrẹ̀ ọdún 1910, ó sì ń ṣe mí bíi kí n bá wọn wí. Pọ́ùn mẹ́fà kì í ṣe owó kékeré láyé ìgbà yẹn. Ta ló mọ ohun tó ń jẹ àwọn èèyàn yẹn níyà? Èmi, kí ló ń jẹ mí níyà? Súyà.

Bàbá kò tíì parí. Àwọn ará Ifẹ̀ fẹjọ́ Frobenius sùn, ìjọba òyìnbó tó wà níbẹ̀ nígbà náà sì mú kó dá orí náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kó àwọn iṣẹ́ amọ̀ mìíràn lọ sí Berlin. Ìtàn ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé orí náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún àyẹ̀wò, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1949 pé ẹ̀dà ni. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà dà á kì í ṣe ti ìda tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe fún wa, pé inú iyanrìn ni wọ́n ti dà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti pààrọ̀ ojúlówó. Ta ni? Níbo ló gbé e lọ? Àhesọ gba ìlú kan.

Ohun tó tẹ̀ lé e dà bí fíìmù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí wọn, *You Must Set Forth at Dawn*, tó jáde lọ́dún 2006. Wọ́n gbọ́ pé ojúlówó Orí Olókun wà nínú ilé kan ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń bọ òrìṣà títí dòní. Àwọn àti ẹnì kejì wọn lọ síbẹ̀, wọ́n sì dọ́gbọ́n gbé e jáde nílé onílé. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ̀dà lásán ni, irú èyí tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù máa ń ṣe. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ni bàbá wá sọ èyí tó jẹ́ kí ẹ̀rín náà dá. Lọ́dún 2010, àwọn iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ ńlá kan, orí tí wọ́n ní ó jẹ́ ẹ̀dà sì wà lára wọn. Wọ́n fi irinṣẹ́ òde òní yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà kọ ọ́ pé ìda ni wọ́n fi dà á lóòótọ́, pé ó jọ pé iṣẹ́ àtijọ́ gan-an ni. Ìyẹn ni pé fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ojúlówó lè ti wà lọ́wọ́ wa, kí a máa pè é ní ẹ̀dà, kí a máa sọdá òkun lọ wá a. Mo kọ èyí sínú ìwé mi, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ pé ìdánwò ni wọ́n fi bi mí ní JSS, "ẹ̀dà ni" ni ǹ bá kọ, wọ́n á sì fún mi ní máàkì.

Ìtàn Wúnmọníjẹ ni a fi parí, kò sì jìnnà síbi tí a dúró sí. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń wa ilẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé nínú agboolé Wúnmọníjẹ, lẹ́yìn ààfin, kan àwọn orí idẹ lábẹ́ ilẹ̀, ó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kí ariwo tó lọ sílẹ̀, àwọn kan ti kúrò níbẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí ní Ifẹ̀ nígbà náà, ra méjì, ó sì dá wọn padà lọ́dún 1950. Akọ̀ròyìn kan, Henry Maclear Bate, gba ọ̀kan. Lọ́dún 1939 èyí di ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílùú láìgbàṣẹ. Bàbá kò fi bò fún wa pé òfin nìkan kò tó. Láàárín ọdún 1993 sí 1994, àwọn olè fọ́ ilé tí a dúró sí yìí gan-an ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n nawọ́ sí ibì kan lára ògiri bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọn ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ àròkọ yìí kí n tó lọ Ifẹ̀, mo mọ ohun tí ǹ bá kọ: òyìnbó wá, òyìnbó jí wa lólè, ó tán. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Frobenius rí iṣẹ́ ọwọ́ wa, ó fi ta Gíríìkì lọ́rẹ, ìyẹn sì dùn mí ju owó lọ. Ṣùgbọ́n ní Igbó Olókun àti ní Wúnmọníjẹ, ẹnì kan wà tó jẹ́ tiwa tó na ọwọ́ gba owó. Mi ò lè fò ó, nítorí mo mọ bí owó náà ṣe rí lọ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo bi olùkọ́ wa ní ìbéèrè Mọ́mì bí wọ́n ṣe bi mí gẹ́lẹ́. Wọn ò dáhùn kíákíá. Wọ́n ní kí n rántí pé Ọọ̀ni Adérẹ̀mí lọ sílé ìwé àwọn ìjọ, wọ́n ṣiṣẹ́ rélùwéè kí wọ́n tó jọba, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààfin, tí wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn nǹkan yìí síbi tí ọmọ ẹlẹ́sìn èyíkéyìí á ti rí wọn. "Sọ fún ìyá rẹ," ni wọ́n wí, "pé a ò kúnlẹ̀." Mo rò ó wò. A ò kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo délé. Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò sì dìde.

"Màmá Àgbà, èmi ni mo ta ààjà yín."

Wọn ò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

Mo dúró de ìbínú, kò dé. Wọ́n ju òkúta kan dànù láti inú ẹ̀wà. "Èló ni wọ́n fún ọ?"

"₦1,200, Mà. Pẹ̀lú ìkòkò méjì àti fáànù."

"Idẹ gidi!" Wọ́n gbójú sókè wàyí. "Wọ́n rẹ́ ọ jẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ibi tí ìyá mi máa ń dì mú lára rẹ̀ ti jẹ. Àtàǹpàkò wọn ló jẹ ẹ́. Bí mo bá fi tèmi síbẹ̀, ó máa ń bá a mu."

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Mo yọ ìwé tí mo mú lọ Ifẹ̀ jáde, mo sì bi wọ́n bó ṣe gùn tó. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú lápá kan, nítorí pé àwọn fúnra wọn já a bọ́ sórí àpáta nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, pé ìyá wọn kò nà wọ́n, pé ìyẹn ló bà wọ́n lẹ́rù jù. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò dún bí ti agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń dún wọnú ara wọn. Wọ́n ní ní àràárọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ni wọ́n fi ń jí. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ewé tí mo ti kọ ọdún 1910 àti 1938 sí kò gbà á mọ́, mo ṣí òmíràn.

Mọ́mì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n débẹ̀. Mo rò pé wọ́n á sọ̀rọ̀ òrìṣà. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó, wọ́n bu ẹ̀wà sí ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Mà, ṣé wọ́n fín nǹkan sí i lára?"

"Ojú," ni Màmá Àgbà dáhùn. "Ojú kékeré kan, nítòsí ibi tí a ń dì mú. Ó ti ń parẹ́." Wọ́n yíjú sí mi. "Yà á ká wò."

Mi ò mọ àwòrán yà, síbẹ̀ mo yà á. Màmá Àgbà gba ìwé náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n gbọn orí.

"Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju báyìí lọ."

Mo pa á rẹ́, mo tún un yà.